Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Pẹ̀lú Sípíríǹgì Ìbọn Lọ́wọ́

Nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́, kò sí irin kan tó dá dúró. Òòlù fẹ́ ṣubú, ìkọ́ kan ò jẹ́ kó ṣubú. Ìkọ́ fẹ́ yọ, sípíríǹgì kékeré kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì ńlá ni baba gbogbo wọn: ó fẹ́ na ara rẹ̀, kò sì ráyè, torí pé ara àwo irin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ká a mọ́. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ìbọn náà, tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ti nǹkan tí kò yẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán. Èmi ní tèmi, bí ẹnì kan bá ṣèèṣì dá ọ̀rọ̀ ìbọn sílẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ á tutù kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

N kì í ṣe ọdẹ. N ò pa ẹran rí ju adìẹ Kérésì lọ. Aago ògiri ni mo kọ́kọ́ tú nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Lẹ́yìn náà ni mo tú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, tó lù mí fún un kó tó rí i pé ó ń rán dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlú Ìjù, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni ọ̀rọ̀ ìbọn ti bẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọdẹ máa ń kó ìbọn tó ti kú fún, ó sì ń jẹ́ kí n jókòó ti òun ní Sátidé, kí n máa tú èyí tí kò lè jí mọ́. Ìyókù, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn arúgbó òyìnbó tí ń fi ọwọ́ gbígbọ̀n tú ìbọn baba ńlá wọn nínú fídíò. Mo mọ̀ pé bí ẹnu súkúdíráfà bá tinrin ju ojú súkúrù lọ, ṣe ló máa yọ̀, tí á sì ba ojú náà jẹ́. Nítorí náà mo fi fáìlì fá ẹnu tèmi fúnra mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n súkúrù tirẹ̀. Mo mọ̀ pé súkúrù tó jáde nínú ihò kan kò gbọdọ̀ wọ ihò mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Páálí ẹyin ni mo máa ń tò wọ́n sí, ihò kan fún ọ̀kan.

Ìmọ̀ yìí náà ló kó mi sí pańpẹ́.

Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ kọ́kọ́ mú mi lọ sílé wọn ní Oǹdó, ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n kí àwọn òbí rẹ̀, kí n jẹ iyán, kí n sì dákẹ́. Ó ti kọ́ mi láti Àkúrẹ́. Ó ní bàbá òun kò nira: àgbẹ̀ kòkó ni, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ràn ẹni tó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Ẹni tó nira ni ẹ̀gbọ́n bàbá náà, ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Ìgbàrà-Òkè, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Òun ló tọ́ bàbá dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Bí òun ò bá ní ó dáa, ìgbéyàwó kankan kò lè jáde nínú ilé yẹn.

"Ọkùnrin kan ti wá ṣáájú rẹ," ó sọ fún mi nínú ọkọ̀.

"Kí ló ṣe?"

"Ó tẹrí ba. Ó ní ṣòkòtò òun funfun. Ìyá Àgbà ní kó máa gbé ṣòkòtò funfun rẹ̀ lọ."

"Wọ́n á rí àyà mi nílẹ̀."

"Àyà àti ikùn. Jọ̀ọ́, má gbàgbé ikùn."

Ìyá Àgbà kò wá lọ́jọ́ náà. Ìbọn ni mo bá nílé. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, láàárín kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti fọ́tò bàbá bàbá wọn: ọ̀pá méjì tó tò síra wọn, òòlù méjì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí ewúrẹ́. Mo dìde, kò sẹ́ni tó ní kí n dìde. Mo sọ irú ìbọn tó jẹ́. Mo sọ bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ fín òdòdó sára àwo irin rẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo sọ irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ìdí rẹ̀, pé irú igi bẹ́ẹ̀ kì í hù nílẹ̀ wa. Àfẹ́sọ́nà mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni, mo yẹ ẹsẹ̀, mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Bàbá ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ọwọ́ tó ń wàásù.

"Òsì rẹ̀ ti kú," Bàbá sọ nígbà tí mo mí. "Bàbá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, méjèèjì ń dún. Ọwọ́ mi ni òsì kú sí."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

"Sípíríǹgì rẹ̀ lè má tíì ṣẹ́, sà. Ó lè jẹ́ ìkọ́ lásán. Tí mo bá tú u—"

"O lè tú u?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá tẹ ẹ̀yìn ti àga. "Nígbà tiwa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ èèyàn á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Mo kọ ebè fún bàbá ìyá ọmọ yìí títí ọwọ́ mi fi bó. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ta ló fẹ́ kí ẹ wá ba ebè òun jẹ́? Ìbọn yìí ni ọ̀wẹ̀ tìrẹ. Ọjọ́ tó bá dún kaká lápá méjèèjì, kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀ wá tọrọ."

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Àkúrẹ́ kí àfẹ́sọ́nà mi tó yíjú sí mi.

"Tí kò bá dún ńkọ́?" ó bi mí.

"Á dún."

"Iyán ni mo ní kí o wá jẹ. Ta ló ní kí o la ẹnu sí nǹkan mìíràn?"

Ní Sátidé tí mo fẹ́ padà lọ, mo to báàgì mi, mo tú u, mo tún un tò. Mo kó súkúdíráfà, páálí ẹyin, àkísà, kẹrosíìnì nínú ìgò, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àti èèpo ọta tó ṣófo tí màá fi sínú ìbọn nígbà tí mo bá fẹ́ dán an wò, kí irin inú rẹ̀ má baà gbá òfìfo. Ohun tó ṣe pàtàkì jù, fáìsì kékeré tí alágbẹ̀dẹ Ìjù bá mi rọ láti máa fi di sípíríǹgì mú, mo gbé e lé orí fíríìjì kí n má baà gbàgbé rẹ̀. Orí fíríìjì ló wà nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Ọ̀wẹnà.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ní kí n padà. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ń wá ìyàwó ṣe máa dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀, kó ní òun ò mú ọkọ́ wá sí ọ̀wẹ̀? Púláyà kan wà nínú báàgì. Mo sọ fún ara mi pé yóò tó.

Ilé dá nígbà tí mo dé. Àfẹ́sọ́nà mi ti ṣáájú mi wálé lánàá, ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ ti lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ de ọjọ́ Àìkú. Bàbá gbé tábìlì kékeré àti àga fún mi ní pálọ̀, mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé páálí ẹyin lé ẹní. Bàbá fa àga, ó jókòó kọjú sí mi.

Mo ṣí ìbọn, mo wo inú ọ̀pá méjèèjì láti ẹ̀yìn: ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba ibẹ̀ wọlé yíká, kò sí ọta. Mo fi han Bàbá, òun náà wò ó. Mo yọ igi tó wà lábẹ́ ọ̀pá, mo yọ ọ̀pá fúnra rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí àga onítìmùtìmù. Súkúrù gígùn kan ló gba inú igi kọjá láti àwo òsì dé àwo ọ̀tún, òun ló so wọ́n pọ̀. Ó ti dì. Mo kán kẹrosíìnì sí i, a dúró, a sọ̀rọ̀ òjò tí kò jẹ́ kí kòkó gbẹ, mo tún gbìyànjú. Nígbà tó yí, ó ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Bàbá mí kanlẹ̀.

Mo fi igi súkúdíráfà kan àwo òsì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde lódindi. Bí mo ṣe yí i padà, mo rí ohun tó pa á. Kì í ṣe ìpẹtà. Kò sí irin tó ṣẹ́. Nǹkan dúdú kan tó ń dán bí oje igi ló bo gbogbo inú rẹ̀. Ó ti lẹ ìkọ́ mọ́ ibi tó wà, ìkọ́ ò sì lè bọ́ sẹ́nu eyín tó wà ní ìdí òòlù mọ́ láti dì í mú lókè. Mo gbé e sí imú.

"Kí lẹ máa ń fi pa á, sà?"

"Àdín. Lọ́dọọdún lẹ́yìn òjò. Ojúlówó àdín, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe é. Bí mi ò tiẹ̀ rí ti ara mi pa, mi ò fi ti ìbọn bàbá mi ṣeré."

Ọdọọdún ni ọkùnrin yìí ń gbé ìbọn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láti ara ògiri, tó ń fi ìfẹ́ dí i lọ́fun. Ta ni yóò sọ fún un? Kì í ṣe ẹni tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ tú u, kí n fọ̀ ọ́, kó máa dún. Ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìnkùlé pé òjò ti ṣú, kòkó sì wà ní sísá. Bàbá fò dìde.

"Máa ṣe é lọ. Mò ń bọ̀."

Bí ìkọ́ bá ń ṣiṣẹ́, òun ni ì bá di òòlù mú lókè fún mi, tí ọwọ́ mi kan á fi ṣófo. Kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà mo fi àtàńpàkò òsì fa òòlù sókè, mo mú un síbẹ̀. Mo fi púláyà ọwọ́ ọ̀tún fún apá méjèèjì sípíríǹgì ńlá pọ̀, ó rí bí lẹ́tà V tó dùbúlẹ̀. Mo wá sọ òòlù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Títí dé ibẹ̀, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Ó kù kí orí sípíríǹgì yọ lára irin kékeré tó so ó mọ́ òòlù, kí n sì gbé e jáde.

Kò yọ. Àdín ti lẹ̀ ẹ́ pa. Mo mì í díẹ̀. Dípò kí orí yọ, ìdí ló yọ: èèkàn tín-ín-rín tó fi dúró nínú ihò àwo jáde kúrò nínú ihò.

Sípíríǹgì náà kò sí nílé rẹ̀ mọ́, kò sì tíì jáde. Ẹnu púláyà nìkan ló mú un, àdín sì ti ń mú ẹnu púláyà yọ̀. Bí mo bá dẹ ọwọ́ ọ̀tún, ó di kó fò: ó lè wọ̀ mí lójú, ó lè bá sìmẹ́ńtì kó ṣẹ́ sí méjì, níbo la sì ti fẹ́ rí òmíràn? Bí mo bá dẹ ọwọ́ òsì, àwo á ṣubú, á fi wíwúwo rẹ̀ fa sípíríǹgì yọ lẹ́nu púláyà. Ọwọ́ kẹta ni mo nílò, ọwọ́ tí yóò fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀ kí n tó dẹ ẹ́. Ọwọ́ kẹta sì wà lẹ́yìnkùlé, tó ń kó kòkó.

"Bàbá!"

Ṣọ́bìrì ń ha sìmẹ́ńtì kàrà kàrà. Kò gbọ́.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ṣòkòtò mi. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Orin tí mo fi sí nọ́ńbà àfẹ́sọ́nà mi ni. Ó ń mì mí lẹ́sẹ̀, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó má mì mí mọ́, torí pé gbogbo ohun tó bá mì ẹsẹ̀ mi ń dé ọwọ́ mi. Òógùn kán sínú ojú mi ọ̀tún. Mo di ojú náà.

Ojú òsì ni mo fi rí adìẹ. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí onílé, ó yẹ̀ sí ọ̀tún, ó yẹ̀ sí òsì, ó wá dúró níwájú páálí ẹyin. Àwọn súkúrù mi ń dán nínú ihò wọn bí àgbàdo tuntun.

"Ṣíọ̀!"

Adìẹ wò mí. Ó fi ẹnu sá súkúrù kan, ó gbé e sókè, ó tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sá òmíràn. Irú súkúrù yẹn, bó bá gbé e mì, a ó máa dúró de ìdí adìẹ ni.

"Jáde! Ta ló pè ọ́ wọlé? Mo ní kí o jáde níbí!"

Ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Ìyá kan dúró níbẹ̀, báàgì lọ́wọ́, gèlè àlùkò lórí, òjò àkọ́kọ́ ti kán sí i léjìká. Adìẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sá jáde.

"Èmi?" ó bi mí.

Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n imú Bàbá ló wà lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ẹni tó jẹ́ fún mi.

"Adìẹ ni mo ń bá wí, mà! Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lè dìde."

"Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀yìn ni?"

"Rárá, mà. Sípíríǹgì ni."

"Mo ti dàgbà tó báyìí," ó sọ, "mi ò mọ ibi tí ìyẹn wà lára èèyàn."

Ó rọra wọlé, ó jókòó sórí àga tí Bàbá dìde lórí rẹ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹnu púláyà.

"Ìwọ ni ti Àkúrẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ní o mọ̀wé. Ó hàn. Ẹnu lo fi ń dọ̀bálẹ̀."

"Mo ti dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi, mà."

"Ta ló rí ọkàn rẹ? Ilẹ̀ là ń wò."

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìkọ́, mo sọ ti èèkàn, mo sọ ti fáìsì tó wà lórí fíríìjì. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dà bí irọ́ létí èmi fúnra mi. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní.

"Mà?"

"Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Gbé e sílẹ̀, kí o kí mi. Irin ò ju èèyàn lọ."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti ká èmi náà mọ́ ara àwo. Bí mo bá ju irin yìí sílẹ̀ láti kí i, òsì ìbọn kò ní dún mọ́ láyé, ọ̀rọ̀ Bàbá sì wà nílẹ̀: àfi tó bá dún lápá méjèèjì. Bí mo bá dì í mú, mo ti di ọkùnrin oníṣòkòtò funfun. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú lọ láti ọrùn ọwọ́.

Mo fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì. Mo na apá méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná dé iwájú ọba. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ kan ẹní. Mo wá ń ti ìbàdí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àyà kan ilẹ̀, mo rántí ikùn, mo jẹ́ kí ikùn náà kan ilẹ̀. Àgbọ̀n mi bọ́ sórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Àwo àti púláyà wà lókè níwájú orí mi. Wọn ò mì.

"Ẹ káàbọ̀, mà," mo sọ fún ilẹ̀.

Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, ẹrẹ̀ pupa Ìgbàrà-Òkè ṣì wà létí rẹ̀. Mo fẹ́ dìde, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọwọ́ lèèyàn fi ń dìde.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nígbà tí Bàbá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, tápólì rírin léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ìgbà wo lẹ dé? Kí ló ṣe ọmọ yìí?"

"Ó ń kí mi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Dìde, ọmọ mi, wọ́n ti rí ọ."

"Mi ò lè dìde, sà."

"Kò lè dìde," Ìyá Àgbà sọ, "kò lè gbé irin sílẹ̀, kò lè lé adìẹ. Ẹ ò ṣe é re o, ẹ̀ ń wá ọkọ fún ọmọ." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí. Mo gbọ́ tí àga dún. Bàtà náà súnmọ́ mi, orúnkún méjì sì bọ́ sílẹ̀ níwájú orí mi. "Kí ló fẹ́ ṣe gan-an, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí?"

"Ó fẹ́ fò, mà. Bí ẹ bá lè fi aṣọ tó nípọn bò ó yíká, kí ẹ dì í mú dáadáa, màá dẹ ọwọ́."

Bàbá yíjú wá àkísà; àkísà mi ti rin fún kẹrosíìnì. Kó tó bọ́ sí yàrá, Ìyá Àgbà ti fa gèlè rẹ̀ tú. Irun rẹ̀ funfun, ó di í ní ṣùkú bí ọmọ ilé ìwé. Irú ìyá yẹn kì í ṣí orí níwájú ọkọ ọmọ. Ó ká gèlè náà síra lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bo ọwọ́ mi méjèèjì, ó fún un mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Bàbá náà kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, ó gba àwo mú. Àgbà méjì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, èmi tí mo wá kí wọn sì nà gbalaja.

"Dẹ ẹ́," ó ní.

Mo dẹ ẹ́. Nínú aṣọ, nǹkan tapá bí eku tó bọ́ sí tàkúté, ó dún pó. Ìyá Àgbà ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó ṣí aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Sípíríǹgì wà níbẹ̀, odindi, kò ṣẹ́, kò sán. Gèlè ló gba ti èèkàn: ihò kan la aṣọ já, ó tó kí ìka kékeré wọ̀ ọ́.

"Ó ti gún gèlè mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ darí jì mí—"

"Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Dìde. Ilẹ̀ ti tó."

Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú àwo títí òdòdó tí wọ́n fín síta rẹ̀ fi dà bíi pé ó jí. Ìkọ́ já gbà, ó ń bọ́ sẹ́nu eyín, ó ń dún bí èékánná lára agolo. Nígbà tó kan dídá sípíríǹgì padà, Bàbá fi okùn àpò kòkó so apá púláyà pọ̀ típẹ́típẹ́, kò sẹ́ni tó ní láti fi ọwọ́ mú un mọ́. Okùn lásán! Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo àkókò tí mo nà sílẹ̀. Ìyá Àgbà bá mi wá súkúrù tí adìẹ tu dànù. Abẹ́ àga ló ti rí i.

Mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo ki èèpo ọta bọ̀ ọ́, mo gbé ìbọn fún Bàbá. Ó fi àtàńpàkò fa òòlù ọ̀tún. Kaká. Ó dúró. Ó wò mí, ó wo ògiri níbi fọ́tò bàbá rẹ̀, ó wá fa òsì.

Kaká.

Bàbá fà á, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún fà á, bí ọmọdé tó rí bẹ́lì kẹ̀kẹ́.

"Kí ló ti ṣe é?" ó bi mí níkẹyìn.

Ìyá Àgbà ti ki ọwọ́ bọ báàgì. Ó gbé ìgò kan jáde, dúdú, tó kún dé ọrùn. "Mo mú tọdún yìí wá," ó ní. "Gbà, fi pa á kí o tó gbé e kọ́ padà."

Mo ti rò pé mo ti bọ́ nínú pańpẹ́. Ìgò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ Bàbá ti nà sí i. Bí mo bá dákẹ́, òsì á tún kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti bú àwọn méjèèjì.

"Àdín yìí dára jù fún irin, mà," mo sọ. "Irin kì í mu nǹkan. Bí ẹ bá fún un ní ohun tó dára tó báyìí, ṣe ló máa gbé e sẹ́nu títí á fi gan. Ara èèyàn ló yẹ àdín. Ìbọn, epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ ti tó o."

Bàbá wo ìgò. Ó wo àkísà mi, ó wo nǹkan dúdú tó ti gan lára rẹ̀. Ó mú àkísà náà, ó gbé e sí imú. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó jókòó.

"Èmi ni mo pa á, àbí?"

"Kò kú, sà. Ó sùn ni."

"Èmi ni mo sì ń fún ọ ní oògùn oorun," Ìyá Àgbà sọ. "Ẹ̀bi náà, gbé e ká pín in." Ó dé ìgò náà padà, ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Látìgbà tí mo ti ṣí i, mà."

"O wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ò sọ."

"Ẹnu mi wà ní sìmẹ́ńtì, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kó di etí tábìlì mú. Ó gbé gèlè rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wò mí láti inú ihò náà.

"Ọjọ́ tí àwọn èèyàn rẹ bá ń bọ̀," ó ní, "kí wọ́n mú gèlè dání. Àlùkò. Mi ò gba àwọ̀ mìíràn."

Bàbá kàn tún fa òòlù òsì.

Òjò ti dá díẹ̀ nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi àti ìyá rẹ̀ dé, aṣọ wọn rin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí orí Ìyá Àgbà ní ṣíṣí, ó rí ìdọ̀tí ní àyà ẹ̀wù mi, ẹ̀rù bà á.

"Mo pè ọ́ títí! Kí ló dé tí o ò gbé fóònù? Mo fẹ́ sọ fún ọ pé Ìyá Àgbà ti wà lọ́nà, pé kí o rí i pé o dọ̀bálẹ̀ dáadáa!"

"Ó dọ̀bálẹ̀," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Gbígbé e dìde ló fẹ́ ṣòro."

Ìyá mi wá gèlè àlùkò yẹn kiri ọjà Àkúrẹ́ kó tó rí èyí tó bá a mu. Ìyá Àgbà gbà á, ó dúpẹ́, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Èyí tó ní ihò ló wé wá síbi ìgbéyàwó, ó fi ihò náà síwájú, lókè ojú òsì, kó lè máa ríbi sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó bá bi í. Títí di òní, bó bá ti Ìgbàrà-Òkè wá sọ́dọ̀ wa ní Àkúrẹ́, tí mo bá ti fẹ́ na ara sílẹ̀ kí i, á kọ́kọ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Fi ọwọ́ méjèèjì hàn mí ná."

Màá na ọwọ́ sí i, màá yí i síwájú, màá yí i sẹ́yìn. Á wò ó dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó lè jẹ́ kí n lọ sílẹ̀.